Àpò Oúnjẹ Abẹ̀kẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Ṣì Gbọ́

Ẹ ti yege báàkì, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ sì ń múra ilé-ìwé gíga. Ẹni tó wá pè mí ní kí n wá gbà yín nímọ̀ràn, mo sì rẹ́rìn-ín. Èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kẹta, tí mo fi ọjọ́ ayé mi wa ọkọ̀ láti Pobẹ̀ yìí sí Kútọ̀nú, ìmọ̀ràn ìwé wo ló wà lọ́wọ́ mi? Ohun tí mo ní kò ju ohun tí ojú mi rí lọ, àti ohun kan tí ojú mi kò rí tí ẹnu mi sọ pé ó rí. Èkejì yẹn gan-an ni mo gbé wá fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra dé ibẹ̀, torí àgbà kì í sáré sọ ẹ̀bi ara rẹ̀. Ẹ fi tẹlifóònù yín sápò ná.

Nígbà tí agbára ṣì wà lára mi, mo ní báṣée kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò bá báṣée láyé. Ọkọ̀ ni, iwájú rẹ̀ gba ènìyàn mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ ní pákó ìjókòó méjì tó kọjú síra, tapólì kan sì bo gbogbo rẹ̀ lórí. Bí òjò bá rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á tutù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku pupa á kùn ún títí dé ìpéǹpéjú. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń ná Pobẹ̀ sí Àjàṣẹ́ bíi gbogbo awakọ̀ yòókù, mo ń gbé èrò, mo ń gbé tòmátì, mo ń bá àwọn zandáàmù tó ń dá ọkọ̀ dúró jà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ mi kì í ṣe ti èrò. Ti oúnjẹ àwọn ọmọ wa tó ń kàwé nílùú ńlá ni.

Ní kùtùkùtù, mo ti wà ní Igana. Bí mo bá fẹ́ wọlé, mo máa ń fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kúkúrú. Ti Towé, ẹ̀ẹ̀kan gígùn ni. Àwọn ará Yoko máa ń gbé tiwọn wá pàdé mi ní ẹ̀bá títì ní Sakété, wọn a ti jókòó síbẹ̀ kí n tó dé, wọn a sì máa bú mi pé mo pẹ́. Bí fèrè bá ti dún, ẹ ó máa gbọ́ ìlẹ̀kùn tó ń ṣí, ẹ ó gbọ́ ìyá kan tó ń ké sí ìyá kejì pé kó bá òun mú okùn wá. Wọn a gbé àpò sórí jáde: gàrí, ìyẹ̀fun àgbàdo, ata gbígbẹ, ẹja yíyan, ìgò epo pupa tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu. Bí wọ́n bá dì mí lójú gbé mi sínú ọkọ̀ yẹn, imú mi á sọ fún mi pé Sátidé ni.

A kì í kọ orúkọ sára àpò. Ta ni ó kọ ọ́? Ta sì ni ó kà á? Ohun tí ìyá kọ̀ọ̀kan fi ń so ẹnu àpò tirẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ìyá kan wà tó ń fi ìmọ̀ ọ̀pẹ so ó, òmíràn ń fi etí aṣọ aláwọ̀ ewé, òmíràn ń fi okùn àwọ̀n ẹja. Ìyá Abẹ̀kẹ́ ní Igana ń fi àjákù sùtánà so tirẹ̀, torí ó wà nínú ìjọ aláṣọ funfun, àwọn tí wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ àdúrà. Mo mọ gbogbo ìdì wọ̀nyí bí ẹ ṣe mọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín. Mi ò gbé àpò ọmọ kan fún ọmọ mìíràn rí.

Kì í ṣe pé nǹkan kan kì í bàjẹ́. Ìgò epo fọ́ nígbà kan sórí ṣòkòtò tuntun tí ìyá kan ní Sakété rà fún ọmọ rẹ̀ pé kó wọ̀ ọ́ lọ ṣe ìdánwò. Kò ní òmíràn, ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Elépo ni wọ́n ń pè é títí ó fi parí, ó ti hewú báyìí, Elépo ni mo ṣì ń pè é. Ìgbà kan tún wà tí wọ́n gbé adìẹ lé mi lọ́wọ́, kí a tó dé Àjàṣẹ́ adìẹ ti yé ẹyin sórí lẹ́tà tí bàbá kan fi rán mi sí ọmọ rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ni lẹ́tà yẹn sọ fún bàbá rẹ̀ nígbà ìsinmi pé ibi tí ẹyin bò gan-an ni ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún òun.

Lónìí, kí ẹ tó sọ pé ebi ń pa yín, owó ti wọ inú tẹlifóònù yín. Ó dára. Mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń jókòó bú ayé tuntun, torí mo rántí ọmọ tó sunkún nítorí òjò, nítorí pé bí ilẹ̀ amọ̀ dúdú ibí bá ti mu omi, ọkọ̀ kì í dé Igana, bí ọkọ̀ kò bá sì dé Igana, ẹnì kan kò ní jẹun ní Kútọ̀nú. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kan bá fun fèrè ní Igana lónìí, ewúrẹ́ nìkan ló ń gbójú sókè.

Ohun kan tún wà tó ti lọ. Nígbà náà, ọmọ tó bá kúrò ní abúlé wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Pobẹ̀ tàbí Sakété, bàbá rẹ̀ á mú un lọ bá ẹni tí a ń pè ní tútẹ̀ẹ̀. Ó lè jẹ́ télọ̀, ó lè jẹ́ mùsùlùmí oníṣòwò tó ti òdìkejì ẹnu ibodè wá, ó lè má bá yín tan rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó rí ọmọ náà láàárọ̀, kó sì rí i nírọ̀lẹ́. Bí ọmọ kò bá jẹ oúnjẹ tán lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìròyìn á ti dé abúlé. Ìyà ń jẹ ọmọ nílé tútẹ̀ẹ̀ nígbà mìíràn, mi ò ní purọ́. Wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń gbá ilẹ̀, wọ́n ń gba ìfọ́tí. Ṣùgbọ́n ojú kan ń wò wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá wá yege báàkì, tí wọ́n dé ilé-ìwé gíga nílùú ńlá, kò sí tútẹ̀ẹ̀ mọ́. Yàrá kan ni, ìlẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi sọ mí di ojú wọn. Bí mo bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tàbí tí mo tún gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá láàárín ọ̀sẹ̀, wọn a dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń bi mí pé, "Ṣé o gbé e fún un?" Ìbéèrè wọn kì í ju ọ̀kan lọ: "Ṣé o rí i?" Èmi náà á dáhùn, "Mo rí i. Ó wà dáadáa." Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo máa ń fi òwe yẹn yangàn. Mo máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi pé ẹrù ni wọ́n ń gbé, èmi, ọkàn ìyá ni mò ń gbé. Ẹ wo irú ẹnu tí mo ní.

Abẹ̀kẹ́ ni ọmọ àkọ́kọ́ láti Igana tó wọ ilé-ìwé gíga. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó máa ń jẹ etí kálámù rẹ̀ bó bá ń ronú. Lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú báàkì, àwọn obìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ epo fò jáde nínú kòtò pẹ̀lú ẹsẹ̀ pupa, wọ́n jó dé ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti dá àṣà kan sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tẹ ẹyìn, kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ tó bá kún, wọn kì í pín in. Wọn a tà á, wọn a fi ra gàrí, iṣu gbígbẹ, ìwé, ohunkóhun tí ó bá ń lọ sí Kútọ̀nú. Epo Abẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìyá arúgbó tí kò lè rìn mọ́ á ní kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀ kí òun fi ẹsẹ̀ kan tẹ epo Abẹ̀kẹ́. Inú mi máa ń dùn láti rí i. Mo rò pé kò sí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run.

Ní oríta tó wà nítòsí ilé-ìwé náà, Ràfíù ló máa ń dúró dè mí. Ọmọ Sakété ni, ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, òun ló dà bí ẹ̀gbọ́n fún gbogbo àwọn ọmọ agbègbè wa. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, Abẹ̀kẹ́ ń bá a wá. Á kúnlẹ̀, á gba àpò rẹ̀, á béèrè ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ràfíù nìkan ni mò ń rí.

"Abẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà ní kíláàsì, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e wá, mo máa mú un dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀."

Mo gbé e fún un. Nígbà tí mo padà, ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. "Ṣé o rí i?" Òjò ti ń ṣú, ojú ọ̀nà ń yọ̀, mo fẹ́ tètè dé ilé. Bí mo bá sọ pé mi ò rí i, ó di àlàyé. Mo ní, "Mo rí i. Ó wà dáadáa." Irọ́ yẹn kò wúwo lẹ́nu mi rárá. Ṣebí ọmọ náà wà ní kíláàsì. Ṣebí bí mo bá dúró díẹ̀ sí i, mo lè rí i. Lọ́sẹ̀ kejì ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo tún fi nǹkan kún un: mo ní ó ti sanra díẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi iṣu kan ta mí lọ́rẹ. Mo jẹ iṣu náà.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sátidé keje yẹn, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn mi ń fun fèrè, mo ti já àpò fún Ràfíù, mo ti ń lọ. Ó wá sáré tẹ̀lé mi, ó ń ké nínú ariwo ẹ́ńjìnnì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn ní Igana. Abẹ̀kẹ́ ti bọ́ sí sekúù." Mi ò dúró béèrè nǹkan kan, mo kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà Igana.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ̀ pé sekúù ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba máa ń fún ọmọ tí kò rí búùsì gbà, ìyẹn owó ẹ̀kọ́ ńlá náà. Èmi kò mọ̀. Búùsì ni gbogbo ọmọ ń pariwo, búùsì ni wọ́n ń gbàdúrà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá rí sekúù, ńṣe ló máa ń gbé e mì, bí ẹni pé wọ́n fi ohun tó ṣẹ́kù lé e lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo tí èmi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni ìdí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Sakété, níbi tí ọkọ̀ akóyanrìn ti dojú dé. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń kígbe lédè Faransé pé "O sekúù, o sekúù," ìyẹn ẹ gbà mí, títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Mo wà lára àwọn tó gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. A kò tètè gbé e. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá gbọ́ pé ọmọ ti bọ́ sí sekúù, ẹ má bi mí pé kí ni mo rí lọ́kàn mi.

Ọ̀nà Igana ti bàjẹ́ fún òjò lọ́jọ́ náà, àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo tó dé ibẹ̀. Mi ò fun fèrè. Ìyá Abẹ̀kẹ́ ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ń lọ sí ìsìn. Ọkọ rẹ̀ ń pọ́n ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹyìn. Baba Abẹ̀kẹ́ jẹ́ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ lóòjọ́. Mo sọ ohun tí mo gbọ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wọ ẹ̀wù, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá náà wọ iwájú ọkọ̀ bó ṣe wà, láìwọ bàtà. Bí a ti kọjá Pobẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Oníbáṣée, o rí i ní Sátidé tó kọjá, àbí?"

"Mo rí i."

"Kò ṣe é ní nǹkan nígbà yẹn?"

"Kò ṣe é ní nǹkan."

Ẹ rí i, mo ṣì tún pa irọ́ fún un. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n èmi ti fọ́ mẹ́fà ṣáájú, mo wá ń bẹ̀rù èkeje.

A bá Ràfíù níbi tó ti ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga. Nígbà tó rí Baba Abẹ̀kẹ́ àti obìnrin aláṣọ funfun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó dìde, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọsibítù wo ni wọ́n gbé e lọ. Ó ní ọsibítù ta ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wa. Ó ṣàlàyé sekúù, ó ní orúkọ Abẹ̀kẹ́ ti jáde nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́, ó ní ìròyìn ayọ̀ lòun rán mi. Baba Abẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó lu mí lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa padà lọ, ká lọ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò tíì rí ọmọ mi."

Bí ó ṣe sọ ọ́ báyìí, mo rí i pé ojú Ràfíù yí padà. Ó ní, "Ìyá, ibà díẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún un pé ẹ dé." Ìyá náà ti ń rìn. Ó ní kó máa bọ̀ wá fi ọ̀nà hàn òun.

Yàrá kékeré kan ni, fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Abẹ̀kẹ́ wà lórí ẹní, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Tí wọ́n bá ní kí n mú un láàárín àwọn ọmọ mẹ́wàá, mi ò ní lè mú un. Ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó rí ìyá rẹ̀, kò dìde, omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò ní ohùn láti fi sunkún. Nígbà náà ni mo rí àwọn àpò náà. Wọ́n tò sí igun, ọ̀kan lórí èkejì. Méje. Àjákù sùtánà funfun wà lẹ́nu wọn, ìdì tí ìyá rẹ̀ dì ní Igana gan-an ló ṣì wà níbẹ̀. Kò tú ọ̀kan.

Baba rẹ̀ ní, "Kí ló dé tí o kò jẹun?"

Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa, Baba. Gbọ̀ngàn yẹn máa ń kún, ojú fèrèsé ni mo ń dúró sí lóde. Ìdánwò àkọ́kọ́, mo gba méjì nínú ogún. Mi ò lọ mọ́."

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Gbogbo Igana ló tẹ epo fún mi. Ìyá arúgbó fi ẹsẹ̀ kan tẹ epo fún mi. Bí mo bá fọwọ́ kan ìdí àpò yẹn, ojú wọn ni mò ń rí. Kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sọ fún yín pé mo rò pé kò sí ohun tó dára tó epo yẹn lábẹ́ ọ̀run. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni mo mọ̀ pé oore lè wúwo ju ebi lọ lórí ọmọ tí kò rí ẹni sọ fún pé ọ̀nà ń dí mọ́ òun.

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àdúrà rẹ̀. Ó fa àpò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó pẹ́ jù, ó fi eyín tú ìdì rẹ̀. Gàrí náà ti ní kòkòrò. Ó béèrè asẹ́ lọ́wọ́ Ràfíù, ó jọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ṣa kòkòrò kúrò, ó bu omi sí i nínú abọ́, ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wá na ṣíbí sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó tẹ epo yẹn ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè ẹ́. Jẹun." Ọmọ náà jẹ ṣíbí kan. Ó tún jẹ òmíràn. Baba rẹ̀ jáde síta, mo rí i tó kọjú sí ògiri.

Ìgbà tí ọmọ náà jẹun tán ni ìyá rẹ̀ tó yíjú sí igun. Ó nawọ́ sí àpò wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá wò mí.

"Àpò méje," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀meje ni o sọ fún mi pé o rí i."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn ju ọ̀sẹ̀ méje lọ. Mo ní, "Ìyá Abẹ̀kẹ́, mi ò rí i. Ràfíù ni mò ń rí."

"O ní ó sanra."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

Kò bú mi. Bó bá bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn mi orí, ó yí padà sí ọmọ rẹ̀, ó ń tú irun rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá náà fi dúró nínú yàrá yẹn. Ràfíù mú Abẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ti fẹ́ gba sekúù rẹ̀. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà kó tó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní kó jókòó. Ràfíù sọ fún mi pé wọ́n pẹ́ nínú ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi sùn lọ lóde. Obìnrin yẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀, pé kò sí òfin tó ní kí èèyàn kú sórí ohun tí kò yé e. Ní Igana, Baba Abẹ̀kẹ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń tẹ epo, ó sọ̀rọ̀ tó ju ti oṣù kan lọ. Ó ní, "Ẹ má pè é ní epo Abẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ pè é ní epo ilé-ìwé. Ẹni tó bá lọ, kó jẹ ẹ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kó wálé, ilé ni." Wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Títí dòní, bí nǹkan ire bá ya ẹnì kan lẹ́nu ní Igana, wọn a ní ó ti bọ́ sí sekúù, wọn a wá máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́ pé ilé-ìwé yín lónìí ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ń gbani nímọ̀ràn, tí wọ́n ń béèrè bí oorun ẹni ṣe rí. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ọ̀ràn tó wúwo. Bí ìyá yín bá sì bi yín lórí tẹlifóònù pé ṣé dáadáa ni, mo rí ohun tí ẹ máa ń ṣe. Ọmọ ọmọ mi fi hàn mí. Ẹ máa ń fi àwòrán àtàǹpàkò kan tó dúró ṣánṣán ránṣẹ́ sí i, ó parí. Mo mọ àtàǹpàkò yẹn. Òun ni "Mo rí i, ó wà dáadáa" tèmi. Ọwọ́ yín ló wà báyìí.

Abẹ̀kẹ́ padà sí kíláàsì. Ó parí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Kì í ṣe òun ni ọ̀rọ̀ mi kù sí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sí Igana, Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jáde. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ. Mo na ọwọ́ láti gba àpò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọ iwájú ọkọ̀, ó gbé àpò náà lé itan rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́sẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní gbogbo Sátidé títí ọmọ rẹ̀ fi parí, nínú òjò, nínú eruku, Igana sí Kútọ̀nú, Kútọ̀nú sí Igana, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó jẹ oúnjẹ nílé mi nígbà tí mo sọ ọmọ lórúkọ. Ó gbàdúrà fún mi nígbà tí ara mi kò yá. Àwọn ìyá yòókù sì ń gbé tiwọn fún mi, mo ń wo ojú gbogbo ọmọ wọn kí n tó sọ pé mo rí wọn.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, mi ò lè mú un mọ́ra. A wà lọ́nà Sakété, mo ní, "Ìyá Abẹ̀kẹ́, ṣé ẹ ò tíì dárí jì mí ni?"

Ó yà á lẹ́nu. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àbúrò rẹ̀.

"Mo ti dárí jì ẹ́ láti ọjọ́ yẹn, nínú yàrá yẹn," ó ní. "Àpò nìkan ni mi ò lè fún ẹ mọ́."

Ó gbé e gun itan rẹ̀ dáadáa, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.